Òróró Tí Mo Fi Ògì Fọ̀

Kò sẹ́ni tó mọ òróró tó mi ní gbogbo Benson, ní Ìkòròdú. Ìyá mi ló ń dín ẹja níbẹ̀, èmi ni mo máa ń lọ ra ẹja wá láti Ẹ̀pẹ́ látìgbà tí mo ti pa ilé ìwé tì. Ilé ìwé ń falẹ̀ jù. Tíṣà á máa ṣàlàyé nǹkan kan láti àárọ̀ dọ̀sán, èmi á sì ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, á ti tó mi.

A kì í da òróró nù lọ́dọ̀ wa. Tó bá lọ sílẹ̀ nínú agbada, a ó da tuntun lé e. Tàná á wà nínú tòní, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá á wà nínú tàná. Ìyá mi ní òróró tí kò bá tíì mọ iná dáadáa kì í jẹ́ kí ẹja dùn. Tó bá wá dúdú jù, tí àwọn oníbàárà ń yínmú, iṣẹ́ mi nìyẹn. Màá fi omi po ògì tútù, màá dà á sínú òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá máa rò ó lórí iná kékeré. Ògì á dì, á kó gbogbo ìdọ̀tí dúdú mọ́ra, màá fi asẹ́ gbé e jáde. Òróró á mọ́ bíi pé òní ni wọ́n ṣí i. Àwọn obìnrin tó kù tó ń dín nǹkan níbẹ̀ máa ń bẹ̀ mí kí n wá bá àwọn náà ṣe é.

Bàbá mi ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò. Kò lè jẹun láìsí ẹja díndín. Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú ọ̀nà. Tó bá rìn dé òpó iná kejì, ẹsẹ̀ ọ̀tún á máa ta á lábẹ́ orúnkún, á dúró, á ṣe bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Tó bá sinmi, á lọ. Ìyá mi ní làkúrègbé ni. Àgbo kún ilé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé Ẹ̀pẹ́ ló fà wá lọ sí ọsibítù níbẹ̀. Dókítà fọwọ́ wá bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ lórí ẹsẹ̀ Dádì, kò rí i.

"Bàbá, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀ yín ti ń dí. Ó yẹ kó máa fẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń rìn, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Tiyín ti le. Ṣé ẹ máa ń mu sìgá?"

"Mo ti fi sílẹ̀."

"Látìgbà wo?"

"Ọjọ́ Mọ́ńdè."

Ó wá béèrè ohun tó máa ń jẹ. Mo ní ẹja. Ó ní ọ̀rá inú ẹja dáa fún iṣan, òróró ẹ̀pà náà sàn ju bọ́tà tó ń dì gbagidi lọ. "Ṣùgbọ́n òróró tí wọ́n ti dín nǹkan nínú ẹ̀ láìmọye ìgbà, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́. Ó ń mú iṣan le sí i. Ìdí ni pé…"

Mo ti dìde. "Dókítà, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mò ń bójú tó òróró nílé wa."

Mo bójú tó o lóòótọ́. Mo ya òróró bàbá mi sọ́tọ̀ sínú ìgò. Inú agbada ni mo ti bù ú, mo fi ògì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì títí mo fi ń rí ọwọ́ mi láti òdìkejì ìgò. Òun ni mo fi ń dín ẹja ẹ̀ lójoojúmọ́, bí oṣù mẹ́jọ.

"Òróró tuntun ni?" ló bi mí lọ́jọ́ kan.

"Tuntun ni, Dádì."

Lójú mi, mi ò parọ́. Mo rò pé dúdú yẹn gan-an ni àìsàn náà.

Nígbà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ dúdú, a padà sí Ẹ̀pẹ́. Mo ń fi ẹnu ara mi ròyìn bí mo ṣe ń fọ òróró. Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

"Ṣé o rò pé dúdú yẹn ló burú ni? Iná ti ba òróró yẹn jẹ́ látinú. Ògì ò lè tún un ṣe. Ká ní o béèrè ni."

"Ṣé èmi ni mo fà á?"

"Sìgá wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ya tìẹ sọ́tọ̀."

Ìbá sàn kó bú mi. Mo ní tá a bá wá jáwọ́ lónìí ńkọ́. Ó ní èyí tó ti kú ti kú, wọ́n máa gé ẹsẹ̀ yẹn lábẹ́ orúnkún, ẹsẹ̀ kejì náà ò sì dá òun lójú.

A wà nínú mọ́tò tó ń gbé wa padà sílé, a ti kọjá Ìtóìkín, nígbà tí bàbá mi bi mí.

"Ibo ni wọ́n máa ń kó o sí?"

"Kí ni, Dádì?"

"Ẹsẹ̀ náà."

"Mi ò mọ̀, Dádì."

"Wàá gbà á lọ́wọ́ wọn. Wàá gbé e wálé, wàá sin ín sẹ́yìn ilé. Mi ò fẹ́ sàárè méjì, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan ní Ìkòròdú. Béèrè lọ́wọ́ Ààfáà bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Má dá a ṣe."

Mo ti béèrè. Ààfáà ní kí n wé e láṣọ funfun, kí n gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ jìn kí ajá má bàa hú u. Ọjọ́ Túsìdè la máa padà lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n lè gé e.