Hàlímọ̀ àti Àga Ilé Méjì

Ilé Àgbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí Hàlímọ̀. Ilé Ọdẹ ni ó lọ́kọ sí. Ilé méjèèjì wà nínú ìlú wa, lójú ọ̀nà tó ti Èrúwà lọ sí Igbó-Ọrà. Ọ̀kan wà níwájú mọ́ṣáláṣí, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà Ilé Ọdẹ lè bá ará Ilé Àgbẹ̀dẹ sọ̀rọ̀ láìpariwo. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọ̀nà jíjìn ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀.

Búrẹ́mọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àkíbù ni àkọ́bí wọn, nítorí náà Ìyá Àkíbù ni wọ́n ń pè é nílé ọkọ. Nílé bàbá rẹ̀, Hàlímọ̀ ló ṣì ń jẹ́. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń yára rìn. Tí o bá kí i lójú ọ̀nà, yóò ti kọjá kó tó dá ọ lóhùn.

Làfún ni iṣẹ́ rẹ̀. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sá a sórí àpáta kó gbẹ, kí á tó lọ̀ ọ́. Àpáta pọ̀ ní Ìbàràpá. Omi ni kò pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kànga ìlú wa a máa gbẹ, odò Alábàtà nìkan ni yóò kù. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí. Làfún yìí ni Hàlímọ̀ fi ń rán Àkíbù ní ilé ìwé girama ní Èrúwà.

Ìwé òfin kan wà nílùú. Ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ló ṣe é ní 1955. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ ẹ̀gẹ́ sínú odò, nítorí òórùn rẹ̀ àti nítorí àwọn tó ń pọn omi mu. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1973, wolé-wolé tuntun dé. Ó ka ìwé náà. Ó lọ sódò, ó da gbogbo ẹ̀gẹ́ Hàlímọ̀ sílẹ̀, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Ó tún mú un lọ sí kóòtù. Àkíbù jókòó sílé fún sáà kan.

Hàlímọ̀ kò bú òfin náà. Ó ní òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí wọ́n fún àwọn obìnrin ní ìsàlẹ̀ àpáta ńlá, níbi tí odò ti kọjá ibi tí a ti ń pọn omi. Níbẹ̀, òórùn kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pọnmi. Ó sọ èyí fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé.

Ní 1974, Ọ̀gbẹ́ni Akínladé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí á dá kọmití sílẹ̀ tí yóò yẹ ìwé òfin náà wò. Agbo ilé mọ́kànlá ló wà nílùú. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò mú ẹnì kan wá. Tí ilé kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù, ìjókòó kò ní bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ṣe ìwé àkọ́kọ́ láìsí ilé tiwa, Ilé Alápó. Àwọn bàbá wa bínú, wọn kò tẹ̀lé òfin kankan nínú rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Akínladé kò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́.

Àkókò ọ̀gbìn ni. Kò sí ọkùnrin tó fẹ́ fi oko sílẹ̀ wá jókòó sí kọmití. Èmi gbà nítorí ẹsẹ̀ ń dùn mí. Nígbà tí Hàlímọ̀ gbọ́, ó lọ bá Àkànó, olórí Ilé Àgbẹ̀dẹ.

"Bàbá, ta lẹ fẹ́ rán lọ sí kọmití?"

"N kò tíì rí ẹni rán."

"Ẹ rán mi."

"Ìwọ, obìnrin?"

"Bàbá, ọkùnrin wo nínú ilé yìí ló mọ ọ̀nà odò?"

Àkànó rẹ́rìn-ín. Ó ní kó máa lọ.

Kò dá Hàlímọ̀ lójú pé Àkànó kò ní yí ọ̀rọ̀ padà. Ó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ó lọ bá Bàbá Mùnírátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, olórí Ilé Ọdẹ. Òun náà ní kó máa lọ. Hàlímọ̀ kò sọ fún ọ̀kan pé òun ti bá èkejì sọ̀rọ̀. Ó rò pé bí ọ̀kan bá yẹ̀, èkejì yóò dúró. Kò sí èyí tó yẹ̀.

Inú kíláàsì ilé ìwé ni a ti kọ́kọ́ pàdé. Akínladé ń pe àwọn ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣojú á dìde, á tún jókòó.

"Ilé Àgbẹ̀dẹ!"

Hàlímọ̀ dìde. Ó jókòó.

"Ilé Alápó!"

Mo dìde. Mo jókòó.

"Ilé Ọdẹ!"

Hàlímọ̀ dìde.

Akínladé yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Àkíbù, ṣé ẹ kò tíì jókòó látẹ̀ẹ̀kan ni?"

"Mo ti jókòó, sà. Mo tún dìde ni."

"Ilé wo lẹ wá ṣojú fún?"

"Àwọn méjèèjì ló rán mi, sà."

Dàda alápatà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbé àga kejì wá fún un! Kó gbé ìdí kan lé ọ̀kan, kó gbé ìkejì lé èkejì."

"Dàda," ni Hàlímọ̀ wí, "ìyàwó mẹ́ta ló ń pín ọ nílé. Ìdí mélòó ni wọ́n bá lára rẹ?"

A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn ẹ̀rín, a kò mọ ohun tí a ó ṣe. Ẹnì kan ní tí a bá ń dìbò, kó na ọwọ́ méjèèjì. Ẹlòmíràn ní ọwọ́ kan ni yóò nà, nítorí ènìyàn kan ni. Ẹlòmíràn bèèrè pé ọwọ́ kan náà, ti ilé wo ni yóò jẹ́? Níkẹyìn Akínladé ní kí olórí ilé méjèèjì lọ yanjú rẹ̀, kí ọ̀kan mú Hàlímọ̀, kí èkejì wá ẹlòmíràn.

Kí á tó tú ká, Dàda ní kò dára kí wọ́n fi òfin tí a ń yẹ̀ wò lọ́wọ́ mú ẹnikẹ́ni. A ní òótọ́ ni. Akínladé ti ìwé náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwé. Wọ́n lu agogo káàkiri pé a kò ní fi ìwé náà dá ẹjọ́ títí kọmití yóò fi parí iṣẹ́.

Àwọn àgbà méjì náà pàdé níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun alásàrí. Wọ́n pè mí ṣe ẹlẹ́rìí. Bàbá Mùnírátù dọ̀bálẹ̀, nítorí àna ni Àkànó jẹ́ fún un.

"Ẹ̀yin àna wa, ẹ̀yin lẹ bí i. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ mú un."

"Ẹ dìde, ẹ dìde," ni Àkànó wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n dá ìdána yín padà ni? Ọmọ tí mo ti fà lé yín lọ́wọ́! Tí mo bá dúró ní gbangba kọmití pé tèmi ni, ta ni kò ní sọ pé mo ti gba ìyàwó lọ́wọ́ Búrẹ́mọ̀? Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Ká má rí i. Àwa kì í bá àna du nǹkan."

"Àwa náà kì í fún ni lọ́mọ ká tún gbà á."

"Ẹ má bínú sí wa."

"Kí lẹ ṣe tí a ó fi bínú?"

Wọ́n pa obì, wọ́n fún mi nínú rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n kí ọmọ ara wọn, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú obì lẹ́nu. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni mo gbọ́. N kò gbọ́ ẹni tó mú un.

Nígbà tí a tún pàdé, àga Ilé Ọdẹ ṣófo, àga Ilé Àgbẹ̀dẹ ṣófo. Hàlímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Àkíbù, ẹ wọlé, ẹ jókòó," ni Akínladé wí.

"Lórí èwo, sà?"

Akínladé wo àga méjèèjì. "Ta ló rán yín?"

"Lọ́jọ́sí, àwọn méjèèjì ni. Lónìí, ilé ọkọ mi ní ilé bàbá mi ló rán mi. Ilé bàbá mi ní ilé ọkọ mi ni."

"Kí wọ́n rán ẹlòmíràn nígbà náà."

Wọn kò lè rán ẹlòmíràn. Tí Ilé Ọdẹ bá rán ẹlòmíràn, bí ẹni pé wọ́n lé ìyàwó wọn padà sílé bàbá rẹ̀ ni. Tí Ilé Àgbẹ̀dẹ bá rán ẹlòmíràn, bí ẹni pé wọ́n ní ọmọ wọn kò ní àyè nílé mọ́ ni. Ilé kọ̀ọ̀kan ń dúró kí èkejì kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ara wọn láàárín ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìjà ni. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni àwa tó kù. A ń wá, a ń wo àga méjì, a ń lọ sílé. Nígbà tó yá, a kò wá mọ́.

Hàlímọ̀ rù. Ó ń lọ láti ilé kan sí èkejì, ó ń kúnlẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà fún un. Mo wà lọ́dọ̀ Búrẹ́mọ̀ lọ́jọ́ kan tó wọlé dé.

"Bàbá Àkíbù, ta ló ni mí?"

Búrẹ́mọ̀ ń pọ́n àdá. "Mo ti rò pé èmi ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n n kò sí nínú kọmití."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, kànga gbẹ. Àwọn obìnrin bi Hàlímọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ tàbí kí wọ́n má rẹ ẹ́. Ó wá bi mí. N kò mọ̀. A jọ lọ bá Akínladé.

"Sà, ṣé òfin odò ṣì wà?"

"Ó wà."

"Níbo?"

"Nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ṣé ó lè mú mi láti inú kọ́bọ́ọ̀dù?"

"N kò lè sọ pé ó lè mú yín. N kò sì lè sọ pé kò lè mú yín."

Sáà ilé ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Hàlímọ̀ gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ àpáta ńlá, ó fi okùn so apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi, ó tì í sínú omi. Àwọn yòókù dúró lókè, wọ́n ń wò ó. Nígbà tí wọn kò rí ohun tó ṣe é, wọ́n tẹ̀ lé e.

Wolé-wolé gbọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ wá.

"Ta ló ní kí ẹ rẹ ẹ̀gẹ́ síbí?"

"Ta ló ní kí á má rẹ ẹ́, sà?"

"Òfin ìlú yín."

"Ẹ mú un wá kí ẹ kà á fún wa."

Ó lọ bá Akínladé pé kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Akínladé ní òun kò lè ṣí i àyàfi tí kọmití bá jókòó. Wolé-wolé ní kí kọmití jókòó. Akínladé ní ó ku ilé méjì, kó lọ rí Bàbá Mùnírátù. Bàbá Mùnírátù fún un ní omi mu, ó ní ọ̀rọ̀ náà kù sọ́wọ́ àwọn àna òun. Àkànó fún un ní iṣu, ó ní kí ilé ọkọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó padà sọ́dọ̀ Bàbá Mùnírátù. Mo rí i tó ń yí mọ́ṣáláṣí po pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pe irú ìlú báyìí. Mo sọ orúkọ ìlú wa fún un. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kò dé odò wa mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la wà títí di 1978. Ọdún náà ni káńsù tuntun ní Èrúwà ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ìwé òfin rẹ̀ ránṣẹ́. Akínladé fúnra rẹ̀ lọ bá Hàlímọ̀ lórí àpáta, níbi tó ti ń sá làfún. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá.

"Ìyá Àkíbù, mo bẹ̀ yín. Ẹ fi ẹnu ara yín yan ilé kan. Tó bá ti ẹnu yín jáde, kò sí ilé tí yóò lè bínú. A ó jókòó, a ó parí ìwé yìí."

Hàlímọ̀ kò dáwọ́ dúró. "Tí mo bá yàn, sà, ènìyàn mélòó ni yóò jókòó?"

"Mọ́kànlá."

"Ta ni nínú wọn tí kì í di imú tó bá gba ẹ̀bá odò kọjá?"

Akínladé wò mí. Mo wo ilẹ̀. Èmi náà máa ń di imú.

"Wọ́n lè gbọ́ tiyín," ni Akínladé wí.

"Wọ́n lè má gbọ́, sà." Ó gbọn làfún lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀. "Ọmọ ilé ni mí, ìyàwó ilé ni mí. Kò yẹ kí n ṣáájú àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Ẹ bi Bàbá Mùnírátù. Tí wọ́n bá ní kí ẹ bi Bàbá Àkànó, ẹ bi wọ́n."

"Ṣé ẹ kò fẹ́ àga náà mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ, sà. Àwọn ni mò ń dúró dè."

Ó dìde, ó ń sá làfún rẹ̀ lọ. A sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta. Nísàlẹ̀, Akínladé bi mí bóyá ó gbà ni tàbí ó kọ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí ni kí òun kọ sí Èrúwà. Mo ní kó kọ ọ́ pé kọmití kò tíì parí iṣẹ́.

Ohun tó kọ nìyẹn. Àkíbù parí ìwé mẹ́wàá lọ́dún náà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà.