Ijó Tí Àdìó Jó Lórí Òkè Dàsá

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó sọ lójú mi pé Àdìó ará Towé kò mọ ijó jó. Èmi Ládiípọ̀ ni mo ń lu omele fún un láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n mi, mo sì mọ ohun tí mò ń wí. Àgbẹ̀ ni. Ó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ó sì ní ọ̀pẹ díẹ̀ lọ́nà Igana. Kò lówó, kò joyè, ọ̀rọ̀ kò sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n bí àsìkò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá dé, tó gbé ère lé orí, tó so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀, àwọn ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn a dìde dúró láti wò ó.

Kì í dá jó o. Lọ́dọ̀ wa, méjì méjì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jáde: ère méjì tó jọra, aṣọ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. A kì í béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n jó jù nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí à ń wò ni bóyá ẹsẹ̀ wọn yà. Ọdẹ́wálé ni ẹnìkejì Àdìó, ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n sì fi jó pọ̀. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ wọn yà.

Ní ọdún tí àwọn Faransé ń fa ojú irin lọ sí ìhà àríwá, àwọn gáàdì kọmandáǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, wá sí Towé, wọ́n kó ọkùnrin mẹ́fà lọ ṣiṣẹ́ tipátipá. Ọdẹ́wálé wà nínú wọn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n pè é, oṣù mẹ́ta di mẹ́sàn-án, a kò gbúròó. Jádesọ́lá ìyàwó rẹ̀ a máa lọ jókòó sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Pobè, ìlú ńlá tó sún mọ́ wa, lọ́jọ́ ọjà, a máa wo ojú àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn kò kí i níbẹ̀ mọ́, wọn kò mọ ohun tí wọn ì bá wí.

Àjọ̀dún ńlá àwọn Faransé ń bọ̀ láàárín oṣù Agẹmọ. Ọ̀gá òyìnbó kan fẹ́ fi ijó ìbílẹ̀ ṣe àwọn àlejò rẹ̀ lálejò lórí òkè Dàsá níhà àríwá, ó ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ti tiẹ̀ wá. Wọ́n ní kí Pobè mú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá, Pobè sì ránṣẹ́ sí Àdìó. Àdìó ní òun kò ní ẹnìkejì, òun kò lọ. Nígbà tó gbọ́ pé lábẹ́ òkè yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ Ọdẹ́wálé ti ń fọ́ òkúta fún ojú irin, kò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ère méjèèjì ló dì sínú aṣọ.

Ó sọ fún mi pé, "Ládiípọ̀, bí mo bá jó tí inú òyìnbó yẹn dùn, màá tọrọ Ọdẹ́wálé lọ́wọ́ ẹ̀. Lù mí dáadáa."

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé Àjàṣẹ́, a wọ kàmíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, a tún wọ ọkọ̀ ojú irin mìíràn dé Dàsá. Kí n má parọ́, mo gbádùn orí òkè yẹn, ojú sì ń tì mí títí dòní. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́. Àwọn Baríbá ń fun kàkàkí, ẹṣin wọn ń tẹsẹ̀ sí ìlù. Àwọn obìnrin Dàsá ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, òkúta ń dá ohùn wọn padà. Àwọn òyìnbó jókòó lórí àga lábẹ́ agboòrùn, wọ́n ń mu ohun tútù. Bí orin bá sì dákẹ́ díẹ̀, a ń gbọ́ òòlù nísàlẹ̀: kò, kò, kò.

Ó kan Àdìó. Ó jó, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ lápá òsì rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ọ̀gá òyìnbó dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó ní kí Bonaventure ògbufọ̀ béèrè ohun tó fẹ́. Àdìó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ẹnìkejì mi wà nísàlẹ̀ níbi òkúta. Ó mọ ijó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n jẹ́ kó bá mi relé."

Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n mú un wá kó jó. Bó bá mọ ijó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kó máa lọ.

Wọ́n mú Ọdẹ́wálé gòkè wá. Egungun rẹ̀ ṣeé kà. Òkúta ti jábọ́ lé e lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ìka mẹ́ta kò sí níbẹ̀ mọ́. A wọ̀ ọ́ láṣọ, a gbé ère lé e lórí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu omele. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì dáadáa, ó gbé ọ̀tún, ẹsẹ̀ náà wọ́ nílẹ̀.

Ohun tí Àdìó ṣe nìyí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tirẹ̀ náà wọ́. Ó tiro bí Ọdẹ́wálé ti ń tiro, ìgbésẹ̀ sí ìgbésẹ̀, láìsí ìyàtọ̀. Àwa onílù gbọ́ ọ, a fa ìlù sẹ́yìn bá wọn. Arọ méjì ń jó lórí àpáta, ẹsẹ̀ wọn kò yà! Omi ń bọ́ lójú mi, mo ń lù. Wọ́n ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí.

Àwọn òyìnbó ń wo ara wọn. Ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ kúkúrú, Bonaventure sì wolẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní eléyìí kò mọ ijó. Ó ní ó tún ti ba ijó ẹni àkọ́kọ́ jẹ́."

"Ẹ sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń jó o nìyẹn!" Àdìó ń kígbe. "Ẹsẹ̀ wa ò yà! Ẹ bi í, ṣé ó yà?"

Bonaventure sọ ọ́. Òyìnbó ti kọjú sí àwọn ẹlẹ́ṣin.

Gáàdì gbá Ọdẹ́wálé lápá mú. Bí a ti ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ó wo Àdìó, ó ní, "Ta ló ní kí o tiro? Ká ní o jó bí o ti ń jó, ojú wọn ì bá wà lára ẹ, wọn kì bá tí rí ẹsẹ̀ mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un sọ̀kalẹ̀.

Kí ọdún tó parí, ìròyìn dé Towé pé ó ti kú síbi òkúta. Àdìó lo ọdún mẹ́rìndínlógún sí i láyé, kò sì gbé ère lé orí mọ́. Mo máa ń lọ bá a lóko, mo máa ń sọ fún un pé nínú gbogbo ìlù tí mo ti lù, kò sí ijó tó dára tó ti òkè Dàsá. Kì í bá mi jiyàn.

"Mo mọ̀," ni yóò wí. "Ijó yẹn ló pa á."