Ọmọ Ìlá Lójú Òkun

Nínú ìdílé tí mo fẹ́ ọkọ sí ní Ìlá, kò sí ẹni tó tíì rí omi tó ju odò tí a ti ń fọṣọ lọ. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n látilẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi sọ pé òun ń lọ wáṣẹ́ l'Ékòó, a rò pé yóò di akọ̀wé tàbí awakọ̀. Kò pẹ́ tó ránṣẹ́ sílé pé òun ti ríṣẹ́, pé iṣẹ́ omi ni. Kò fi nǹkan kan kún un.

Ìyá rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu wọn, ti sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé ọmọ àwọn wà nídìí omi ẹ̀rọ l'Ékòó. Ni àwọn ìyá ìjọ bá ń bi wọ́n ìgbà tí omi ẹ̀rọ náà yóò dé Ìlá. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ọ̀nà jìn.

Kérésìmesì ni ọkọ mi dé. Rélùwéè gbé e dé Òṣogbo, ó wọ lọ́rì wá bá wa, òórùn ẹja sì ti ṣaájú rẹ̀ wọlé. Apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan ló gbé dání, okùn àwọ̀n sì ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di líle bíi pákó. Ìyá rẹ̀ wo ẹja, wọ́n wo ọmọ, wọ́n bi í bóyá ẹja ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́ pé òun àti àwọn Ìlàjẹ kan ló jọ ń wa ọkọ̀ lọ sójú òkun, tí wọ́n ń fi àwọ̀n kó ẹja fún ẹni tó ni ọkọ̀.

Ìyá rẹ̀ bi í bóyá ó mọ̀wẹ̀. Ó ní òun ń kọ́ ọ lọ́wọ́, pé ọ̀rẹ́ òun tí àwọn jọ ń jókòó nínú ọkọ̀ ló ń kọ́ òun. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín mi. Ọkùnrin yìí kan náà ni, bí òjò bá ti kún odò ọ̀nà oko, àfi kí n fà á lọ́wọ́ kó tó lè sọdá.

Ó ṣàlàyé pé etí òkun, níbi tí ìgbì ti ń fọ́, ló léwu jù. Bí ọkọ̀ bá ń padà bọ̀, tó yà díẹ̀ báyìí, ìgbì á dà á dé. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru a máa bo ojú omi débi pé wọn kò ní mọ apá ibi tí ilẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Kí wá ni ti ọmọ Ìlá níbẹ̀? Ṣé ilẹ̀ ló tán?”

Ó ní ilẹ̀ kò tán, pé ara òun ló ti mọ́ ibi tó ń mì.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ló padà s'Ékòó. Nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, ará Ìlá kan tó ti Èkó dé wá sọ fún wa pé ọkọ̀ wọn ti dojú dé, ó sì yára fi kún un pé ọkọ mi wà láàyè. Ibi tí mo dúró sí náà ni mo jókòó sí, nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wá dé, ó ti rù. Ó ní ìjì ló ká àwọn mọ́ ojú omi, àwọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀ nígbà tí ìgbì dojú ọkọ̀ dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti àwọn igi fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n so mọ́ etí àwọ̀n kó lè léfòó sí i lọ́wọ́, ó ní kó má jẹ́ kó bọ́, ó sì lúwẹ̀ẹ́ padà lọ tú ẹnì kan tí àwọ̀n ti wé mọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹni tí àwọ̀n wé náà yọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò yọ.

Ọkọ mi ní, “Ẹni tó mọ̀wẹ̀ ló bómi lọ. Èmi tí n ò mọ̀ ọ́n ni mo jókòó tí mò ń jẹyán.”

Ìyá rẹ̀ fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ dé etí omi kankan mọ́. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kó bá mi pọnmi. Ó dáko fúngbà díẹ̀, ebè rẹ̀ sì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò oko fi ń bi mí bóyá ìgbì ló ń kọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹja yíyan lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, lọ́rì ń gbé e wá, a sì ń tà á n'Ílàá, l'Ọ́tàn àti n'Íresí.

Ọkọ mi mọ ọjà tà. Bí oníbàárà bá ń yọwó jù, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn òkun. Ìgbì tó ga tó ilé n'Ílàá ti ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ kí a tó dé Ìresí. Nígbà mìíràn ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìtàn náà, èmi á sì fi etí aṣọ bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n kò sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí, ní ọjà kankan. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́ l'Ọ́tàn lọ́jọ́ kan, mo bi í pé kí ló dé.

Ó ń so ẹnu apẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ìyẹn kì í ṣe ìtàn ọjà.”

Mo bá a di ìdí apẹ̀rẹ̀ náà mú títí ó fi so ó tán.