Àmì Róbótó Nínú Oko Ìrẹsì Màmá

Mo rántí òórùn ìrẹsì tí òjò ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lé lórí, àti ariwo àwọn èèyàn tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ oko náà nínú wọn. Akọ̀ròyìn ni mí ní Enugu nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ohun tó lè bà mí lẹ́rù bí báírò bá ti wà lọ́wọ́ mi. Kẹ̀kẹ́ gbé mi láti Coal Camp dé àkùrọ̀ kan lẹ́yìn Iva Valley. Láàárín oko ìrẹsì tó ti gbó, mo rí àmì róbótó kan tó fẹ̀ tó yàrá ńlá. Ìrẹsì ibẹ̀ wó lulẹ̀ yípo, ó dorí kọ apá kan náà bí irun tí wọ́n fi òòyà yà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò lórí mọ́.

“Iná ló sọ̀ kalẹ̀ láti òkè,” obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ fún mi. Mo bi í bóyá ó rí iná náà. “Èmi kọ́. Àbúrò ọkọ mi ló rí i.” Àbúrò ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, òun náà ní ẹlòmíràn ló rí i.

Màmá kan tó jẹ́ Yorùbá bíi tèmi, opó òṣìṣẹ́ rélùwéè, ló ń yá ilẹ̀ náà dáko. Onílẹ̀, bàbá àgbà kan tí kì í pariwo, ti dájọ́: “Ohun tí ilẹ̀ yìí kò rí rí, àlejò ló fà á wá. Kó kó ẹrù rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. A óò sun oko náà.” Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé kẹrosín dé.

“Ọmọ mi,” Màmá sọ fún mi, “kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò tíì kórè.”

Mo kọ ọ́. Wòlíì kan ti da òróró yí etí àmì náà ká, ó ní ẹni tó bá wọ ibẹ̀ yóò ya wèrè. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀. Èmi náà ń wò ó láti ọ̀ọ́kán, mo sì ń pe ìyẹn ní ìwádìí. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n Màmá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yé. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú àmì náà.

“Màmá, ẹ dúró.”

“Wọ́n fẹ́ sun oko mi lójú mi. Wèrè wo ló tún kù?”

Mo tẹ̀ lé e. Láàárín gan-an, ó fi ọwọ́ ya pòròpórò sọ́tùn-ún sósì. Ihò èèkàn kan wà níbẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni ìgbẹ́ màlúù wà, ó pọ̀ rẹpẹtẹ.

“Ẹ wá wò ó,” ni Màmá wí. “Ẹ̀mí tó ń su ìgbẹ́ màlúù rèé.”

“Nne, ìyá wa, ẹ̀mí yín yó o,” ọ̀dọ́ kan dáhùn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Onílẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. “Màlúù ta ni?”

Ọkùnrin kan tó wọ dúdú láàárín èrò wúkọ́. “Tiwa ni. Ìsìnkú bàbá ìyàwó mi la bá wá. Màlúù tí àna bá mú wá síbi ìsìnkú kì í wọ ilé òkú kí wọ́n tó fi orin pàdé rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tá a dé, la bá fi okùn so ó mọ́ èèkàn síbí, ó ń yí i po jẹun. Ará ìgboro ni mí. Mo ṣe bí koríko ni. Ìdájí la wá tú u lọ.”

“Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?” onílẹ̀ bi í.

“Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti ní iná ọ̀run ni. Ta ni yóò dìde sọ pé màlúù òun ni?”

Onílẹ̀ ní kí wọ́n gbé kẹrosín padà. Kò tọrọ àforíjì, àmọ́ ó ní itan kan nínú màlúù náà di ti Màmá. Màmá ní òun kò fẹ́ ẹran. Kí àwọn tó gbé kẹrosín dé wá bá òun kórè ni òun fẹ́. Wọ́n bá a kórè. Ó ṣì ń dáko níbẹ̀ títí mo fi kúrò ní Enugu.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ọkùnrin aláṣọ dúdú yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn. Gbogbo ẹni tó ń pariwo ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹ̀gbẹ́ mi ni òun dúró sí, ó ń wo gálọ́ọ̀nù kẹrosín, kò sì wí nǹkan kan. Níbikíbi tí iṣẹ́ bá gbé mi dé lónìí, ẹni tó dákẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń kí.