Ta Ló Gé Sányán Ìyá Mi?

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì ga ju àpótí páànù ìyá mi lọ, Kofar Kware là ń gbé ní ìlú Sókótó, nínú agboolé kan tí àwa Yorùbá mélòó kan jọ háyà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ máa ń ṣí àpótí mi láìtọrọ àyè, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́. Mi ò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ mo mọ ẹni tó ń ṣí i.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Obì ni bàbá mi ń tà ní ọjà Kasuwar Kara. Ibẹ̀ ló ti ra awọ àgùntàn onírun kan bọ̀ fún ìyá mi, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní búzù, pé kó máa fi jókòó. Ìyá mi rí i pé ó rọ̀, ó ní ó kọjá ohun à ń fi jókòó, ló bá tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀ kí ìpáàrà má bàa kan aṣọ. Orí awọ yìí ló to etù lé, ó sì to sányán lé, sányán tí ìyá bàbá mi fún un nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fẹ́ lọ sílé ọkọ lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún yẹn, sányán yìí ló sì máa wọ̀.

Télọ̀ kan ará Ọ̀fà ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni ìyàwó náà, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. Òun àti ìyá mi jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà ni. Òun ló máa ń bá ìyá mi ká aṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ìyá mi ṣí àpótí, ó sì figbe ta. "Wọ́n ti pa mí o! Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe gé aṣọ mi!" Ihò wẹ́wẹ́ ti wà lára sányán káàkiri. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín. Láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n bá gé lára aṣọ ẹni, kò sẹ́ni tó ń bi eku. Ẹnì kan ló gé e lọ ṣe oògùn, sányán ìyàwó tuntun sì nìyí! Ta ló wá ní àlùmọ́gàjí nínú agboolé wa? Gbogbo wa yíjú sí ẹnu ọ̀nà télọ̀.

Ìyá mi ò bá a jà. Ó ra agádágodo, ó ti àpótí pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Tí ìyàwó télọ̀ bá gbé oúnjẹ wá, á dúpẹ́, á sì dà á fún ewúrẹ́. Èmi náà di amí. Mo rí i tó ń da àjákù aṣọ sínú iná, mo sáré lọ sọ. Ó wá bá ìyá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Ìyá mi ní, "Kí lo ṣe tó o fi ń béèrè?"

Nígbà tí wọ́n tún ṣí àpótí, ihò ti pọ̀ sí i, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ìdí ìyá mi láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀yin rò pé ó máa yé e báyìí? Haba! "Wallahi, obìnrin yẹn ò tiẹ̀ nílò kọ́kọ́rọ́!" ni ìyá mi sọ. Ó ní àfi kí obìnrin náà wá fi Àlùkùránì búra lójú gbogbo agboolé. Ọ̀rọ̀ náà dun télọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó mú ìyàwó rẹ̀, wọ́n kó lọ sí àdúgbò Gawon Nama. Ìyá mi ní, "Ẹ ti rí i báyìí? Kí ló lé e?"

Ìyá bàbá mi dé fún ìgbéyàwó. Wọ́n kó aṣọ síwájú rẹ̀, màmá àgbà ò sunkún, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sínú oòrùn. Ó wò ó títí. "Ìyàwó, etù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?" Kò sí ihò kan lára etù. "Ọ̀tá yín wá ń ṣa sányán nìkan gé?" Ó fi èékánná họ ojú rírán, ohun kan tó dà bí hóró ìrẹsì já bọ́, àwọ̀ sányán gẹ́lẹ́ ni. Ìdin funfun yọrí nínú rẹ̀. Labalábá kékeré kan fò jáde láti inú ìṣẹ́po, kò lọ síbi ìmọ́lẹ̀, inú òkùnkùn ló sá sí.

"Òólá nìyí," ni màmá wí. "Kì í jẹ òwú tó mọ́, òwú sì ni etù. Ohun tó bá ti ara ẹ̀dá wá ló ń jẹ: irun, awọ, sányán tó ti ara kòkòrò wá." Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó fa búzù jáde. Irun rẹ̀ ń ṣí bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n da omi gbígbóná sí. Abẹ́ rẹ̀ kún fún ìdin. Ẹnikẹ́ni ò lè wo ojú ìyá mi.

Wọ́n sun awọ náà. Wọ́n fi omi gbígbóná fọ àpótí, wọ́n sá a. Wọ́n gbọn gbogbo aṣọ, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú rírán wọn nínú oòrùn, torí ibẹ̀ ni ẹyin wọn ń wà. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ àti káńfọ̀ la fi sí i. Màmá kìlọ̀ pé ìyẹn kàn ń lé wọn ni, oòrùn ló ń pa wọ́n, kí a má sì kó aṣọ olóòógùn pa mọ́. Àpótí tí a tì pa tí a ò ṣí, ilé wọn ni.

Ìyá mi gbé sányán lérí, ó mú mi dání, ó di Gawon Nama. Ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè bí lọ́mọ. "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde," ni ìyàwó télọ̀ ń wí. Ó gba aṣọ, ó mú abẹ́rẹ́, ó di gbogbo ihò náà. Nígbà tó ku kó gé ìdí àwọn òwú rẹ̀, kò fúnra rẹ̀ gé wọn. Ó ti àlùmọ́gàjí síwájú ìyá mi. "Ẹ bá mi gé wọn, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò ní í fi àlùmọ́gàjí kan sányán yín láé." Ìyá mi bú sẹ́kún.

Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ náà, ó sì dára. Àmọ́ obìnrin yẹn ò tún bá wa jẹun mọ́.

Lónìí, ọ̀rá ni aṣọ yín, òólá ò tiẹ̀ ní í wò ó. Ẹ ń fọ́n oògùn inú agolo, irin wà lójú fèrèsé, ẹ ò sì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé òdìkejì. Síbẹ̀, tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ kọ́kọ́ ń wò. Sányán yẹn ló wà nínú àpótí mi níbí. Ẹni tó ń ṣí i á ti rí àwọn ìdí òwú gígùn tó so rọ̀ lára rẹ̀. Kó má fà wọ́n o. Aránṣọ mọṣẹ́. Ọwọ́ ìyá mi ló ń gbọ̀n nígbà tó ń gé wọn.