Àárọ̀ Tí Bàbá Sálíù Jẹ́wọ́ Aṣọ Tó Gé

Ó dìgbóṣe, Bàbá Sálíù! Ó dàrìnnàkò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ahunṣọ Kambolé! Ọdún àkọ́kọ́ mi nílé ìwé Sokodé nìyí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọ̀rọ̀ mi lè má tó láti fi yìn yín. Síbẹ̀, bí mo ti ń rántí yín, inú mi ń dùn débi pé n kò lè dákẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ mọ àṣà ilé òfì wa. Láràárọ̀, kí ọwọ́ tó kan òwú, ẹni tó bá ṣe àṣìṣe lánàá á sọ ọ́. A lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú u. Ní ilé òfì kejì, lọ́nà Tchamba, ọ̀gá wọn a máa nà wọ́n, wọ́n sì ń fi àṣìṣe pamọ́.

Nígbà tí aṣọ àwọn Jámánì kún ọjà, oníṣòwò Haúsá kan gbé òfì gbòòrò kọ̀ọ̀kan wá fún ilé méjèèjì, èyí tó ń hun aṣọ fífẹ̀ tí kò nílò rírán pọ̀. Ó ní bí a kò bá lè hun aṣọ gbòòrò kí ọyẹ́ tó dé, òun kò ní rà lọ́wọ́ wa mọ́. Bí kò bá sì rà á, iṣẹ́ líla ọ̀nà fún ìjọba nìkan ló kù fáwọn ọ̀dọ́ wa. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan òfì náà, kó má baà ba aṣọ jẹ́.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ hun ún. Ó dára gan-an! Lẹ́yìn náà lẹ mú ọ̀bẹ, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sì rán an pọ̀, bí a ti ń ṣe aṣọ wa látijọ́. Oníṣòwò náà rí ibi tẹ́ ẹ ti rán an pọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dìde láàárín gbogbo wa.

“Èmi ni mo ba aṣọ àná jẹ́ o. Mo hun ún tán, ọwọ́ mi kò gbà kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa jókòó tì mí, kó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi?”

Ẹ̀rín sọ! Láwàní, ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ ahunṣọ wa, tó ti búra pé òun kò ní fọwọ́ kan òfì náà, dáhùn pé, “Bàbá, bí ẹ̀yin náà bá lè bà á jẹ́, kí ló wá ń bà mí lẹ́rù?”

Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń du ìjókòó òfì náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kí ọyẹ́ tó dé, oníṣòwò ra gbogbo aṣọ wa. Ní ilé kejì, òfì gbòòrò wà lórí àjà láìsẹ́ni tó dán an wò, àwọn ọ̀dọ́ wọn sì lọ fọ́ òkúta lójú ọ̀nà.

Lánàá, àwọn ọ̀dọ́ tiwa ló gbé yín lọ sí ibojì, gbogbo wọn pé. Kí Ọlọ́run kẹ́ yín, Bàbá. Ẹ sùn re o, ẹ sinmi.