Rosalie àti Ọkùnrin tí Kò Ránṣẹ́ sí Wọn

Rosalie, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kì í pariwo. Tí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ á kàn rẹlẹ̀ ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á sì ti máa wá ọ̀nà àtilọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní abà Ìgbó-Ọ̀sàn, lápá Adakplamè, níbi tí gbogbo ilé kò ju mẹ́sàn-án lọ. Ọdún méje ló fi wá ọmọ kó tó bí Huguette, kò sì bí òmíràn mọ́.

Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí Dahomey gba òmìnira tí àwọn elétò ìlera gbé mọ́tò wá. Abẹ́rẹ́ wọn dà bí ìbọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Èéyi ni wọ́n wá gún un fún. Nígbà yẹn, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, èéyi á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ lọ, débi pé àwọn ìyá kan kì í ka ọmọ mọ́ ọmọ àfi tó bá ṣe èéyi tó sì yè é. Abúlé kejì sí tiwa ni wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ ní Ìgbó-Ọ̀sàn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ojú Huguette pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó ń wúkọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ara rẹ̀ sú láti orí dé ẹsẹ̀. Rosalie pọ̀n ọ́n, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn. Firmin ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo wa ń pè é.

"Ìyá Huguette, ṣé wọn ò gún un ni?"

"Gún kí ni, dókítà?"

Firmin ní, "Mo ránṣẹ́ sí gbogbo abà. Délégé yín ló sọ pé kò sí ọmọ kankan ní Ìgbó-Ọ̀sàn, pé ẹ ti kó lọ sí oko odò Ọ̀kpárá."

Huguette kú ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọmọ mẹ́rin ló kú ní abà náà láàárín oṣù kan.

Ògúndìran ni délégé, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí abúlé àti àwọn abà tó yí i ká. Òun àti àwọn ará ọkọ Rosalie ti ń jà nítorí ààlà oko, ìdí nìyẹn tó fi fọwọ́ bo ìkéde náà. Láti ìgbà tí Rosalie ti wọ ilé ọkọ, "Bàbá" ló ń pè é, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń kí i. Lọ́jọ́ tó dé láti ibi ìsìnkú, lóòró ló dúró sẹ́nu ọ̀nà Ògúndìran.

"Ìwọ Ògúndìran," ló wí, "ìwọ lo pa ọmọ mi. Màá jẹ́ kó dùn ọ́."

Àwọn obìnrin ilé náà fọwọ́ bo ẹnu. Wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ dáná sun àká àgbàdo Ògúndìran. Ó sọ ọ́ fún ìyá mi, ìyá mi sì gba ìṣáná lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀dọ̀ Firmin lọ. Ó ti kàwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn sístà ìjọ Àgùdà, ó mọ orúkọ kọ.

"Ẹ kọ́ mi níṣẹ́ tí délégé kò ṣe," ló wí.

Firmin kọ́ ọ: kí ẹni tó ń wúkọ́ sùn lọ́tọ̀, kó fi aṣọ bo ẹnu, kí ìyá fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó fún ọmọ lóúnjẹ, kí gbogbo ilé má fi igbá kan mumi. Rosalie mú kàyé kan, ìwé tí wọ́n fi ń kọ̀wé nílé ìwé, ó ń ti abà dé abà, títí dé Okpomèta àti Kpankou, ó ń kọ orúkọ àwọn ọmọdé sílẹ̀. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi gbogbo nìyí: "Rosalie ni mí. Ọmọ mi kú torí pé Ògúndìran kò ránṣẹ́ sí wa. Èmi ni màá máa ránṣẹ́ sí yín."

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ikọ́ wọ ilé Ògúndìran. Wọ́n pe èrò síbẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ. Rosalie wọlé, ó rọra ní, "Ikọ́ wà nílé yìí. Ẹ má fi igbá wọn mumi." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀, mo sì rí bó ṣe rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí àwọn èrò gbé igbá kalẹ̀ tí wọ́n sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún kejì, mọ́tò abẹ́rẹ́ padà wá. Rosalie ló mú kàyé, òun ló ń pe orúkọ. Thérèse, ìyàwó kékeré Ògúndìran, pọn Clément wá, ọmọ tó ti ń rìn. Ìkókó ni nígbà àkọ́kọ́, kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń gún.

"Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," Rosalie wí fún un.

Ó dúró títí ìlà fi tán. Oòrùn mú. Yìnyín inú àpótí oògùn ti ń di omi.

"Ìyá Huguette," Firmin bẹ̀ ẹ́, "oògùn yìí ò ní pẹ́ bàjẹ́."

"Ẹ lọ pe bàbá ọmọ wá."

Ògúndìran dé, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́.

"Sọ ọ́," ni Rosalie wí.

"Èmi ni mo sọ pé kò sí ọmọ ní Ìgbó-Ọ̀sàn."

"Wọn ò gbọ́ lẹ́yìn."

Ó tún un sọ sókè. Rosalie ní kó dárúkọ àwọn ọmọ mẹ́rin tó kú. Kò mọ ọ̀kankan. Rosalie dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kó máa tẹ̀ lé òun: Rẹ̀mí, Sìdíkù, Huguette, Bọ́sẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e dé orúkọ kẹrin. Rosalie gba Clément lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó gbé e mọ́ra fúnra rẹ̀ títí wọ́n fi gún un.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ipò lọ́wọ́ Ògúndìran, torí kò sí abà tó tún fẹ́ gba ìkéde láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi nígbà tí mo dàgbà pé tí ọkùnrin náà bá kọ̀ láti wá lọ́jọ́ náà ńkọ́, ṣé ì bá lé Clément lọ? Ó ní kí n má bi òun nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kó dárí ji Ògúndìran, àlùfáà bẹ̀ ẹ́, ọkọ rẹ̀ pàápàá bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n tún jọ lò ní àgbègbè kan náà, kò kí i lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé Ògúndìran ti kú, ó ní, "Mo gbọ́," ó sì mú ọ̀nà Kpankou pọ̀n lọ síbi tí àwọn ìyá ọmọ ti ń dúró dè é.